Àárò Eré Àtijọ́: Ìtàn Eré Orí Kọ̀ǹpútà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu, nítorí pé ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò kò tíì pé 50 ọdún, síbẹ̀ díẹ̀ ni ó kù kí ó di àrọ́bá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti eré tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lórí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní kọ̀ǹpútà, láti 1980 títí di 1986, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di àgbà báyìí, irun orí àwọn mìíràn sì ti funfun. Síbẹ̀ àárò eré wọ̀nyí kò yé sọ wọ́n. Wọn a máa ra ẹ̀rọ tí ó ti gbó, wọn a máa tún un ṣe, wọn a sì máa kó ara wọn jọ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, pé kò yẹ ní ohun tí akọ̀tàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣe. Èrò tiwa ni pé àárò yìí kì í ṣe ti eré nìkan. Àárò ìgbà kan ni, ìgbà tí kò sí ògiri láàrin ẹni tí ń ṣe eré àti ẹni tí ń dá eré sílẹ̀. Àárò náà gan-an ni ó sì gba àwọn eré wọ̀nyí lọ́wọ́ ìparun.

Ṣáájú àkókò tí à ń wí yìí, inú ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọ́fíìsì ìjọba ni kọ̀ǹpútà wọ́pọ̀ sí. Kì í ṣe ohun tí baba ọlọ́mọ ń rà wálé. Ní 1980 ni ilé-iṣẹ́ Clive Sinclair, ní ìlú Cambridge, gbé ẹ̀rọ ZX80 jáde ní iye tí kò tó £100. Ní 1981, ZX81 tẹ̀lé e ní £69.95, ẹni tí ó bá sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ yóò rí i rà ní £49.95. Ní àsìkò kan náà ni BBC, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà, pinnu láti fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ gbogbo ará ìlú. Ilé-iṣẹ́ Acorn, tí òun náà wà ní Cambridge, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fún. BBC Micro jáde ní òpin 1981, ètò ẹ̀kọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kìn-ín-ní 1982. Ìjọba fi owó ran àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ kí wọ́n lè ní kọ̀ǹpútà. Sinclair kò jẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn: ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1982, ó fi ZX Spectrum han aráyé. Èyí tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 16 kilobyte ń lọ ní £125, èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 48 kilobyte sì ń lọ ní £175. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Iye Spectrum tí a tà nígbẹ̀yìn lé ní mílíọ̀nù 5.

Ó yẹ kí á ṣàpèjúwe ẹ̀rọ yìí fún àwọn tí kò rí i rí. Dúdú ni, ó pélébé, rọ́bà ni a sì fi ṣe àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Kò ní ojú tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni a ń so ó mọ́. Orí téèpù kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni eré wà. Bí a bá tan téèpù náà, ariwo híhan-nínhan-nín yóò máa dún fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà aláràbarà yóò máa sáré ní etí àwòrán, lẹ́yìn náà ni eré yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Bí téèpù bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, a óò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ náà láìfi téèpù sí i, kò sí eré kankan tí yóò rí. Ohun tí yóò rí ni ojú òfìfo tí ń dúró de àṣẹ, ní èdè tí a ń pè ní BASIC. Ẹ̀rọ kò sọ fún ọmọ náà pé, “Wá ṣeré.” Ohun tí ó ń bi í ni pé, “Kí ni o fẹ́ kí n ṣe?” Àwọn ìwé ìròyìn a máa tẹ ìlà àṣẹ jáde, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀, eré lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Nínú wíwá àṣìṣe náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni àwọn ń kọ́.

Ìrántí 48 kilobyte kò ju àyè lẹ́tà 49,152 lọ. Ìwé pélébé kan lè gbà á tán. Nínú ìwọ̀nba yìí, 6,912 ni àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n nìkan ń gbà. Kí ó má baà gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà pín ojú àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, wọ́n sì pàṣẹ pé àwọ̀ méjì péré ni ó lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ènìyàn inú eré fi máa ń ràn mọ́ ògiri tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àléébù ni èyí nígbà náà. Lónìí, òun ni àwọn tí àárò ń sọ fi ń dá ẹ̀rọ wọn mọ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ méjì wá. Èkíní ni Manic Miner, tí Matthew Smith, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 láti Wallasey, lẹ́bàá Liverpool, dá sílẹ̀ ní 1983. Awakùsà kan ni ó ń fo láti òkè dé òkè nínú ihò 20, kí afẹ́fẹ́ inú ihò tó tán. Ẹ̀rọ Spectrum kò ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tí ń kọrin. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ máa ti ohùn náà jáde, bí ó bá sì ń kọrin, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ọmọdékùnrin yìí pín orin sí wẹ́wẹ́, ó ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan há àárín ìrìn awakùsà, tí ó fi dàbí ẹni pé méjèèjì ń lọ papọ̀. Orin Grieg, akọrin ilẹ̀ Norway, ni ó lò.

Èkejì ni Elite, tí David Braben àti Ian Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ṣe fún BBC Micro, tí ó sì jáde ní oṣù kẹsàn-án 1984. Nínú eré yìí, oníṣòwò kan ń wa ọkọ̀ láàrin ìràwọ̀. Àgbájọ ìràwọ̀ 8 ni ó wà, 256 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,048. Ìrántí ẹ̀rọ náà kò ju 32 kilobyte lọ. Báwo ni ayé tí ó pọ̀ tó báyìí ṣe gba inú rẹ̀? Wọn kò tọ́jú orúkọ ìràwọ̀ kan síbẹ̀. Nọ́ńbà ìpìlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n tọ́jú, pẹ̀lú ìṣirò tí yóò máa hu orúkọ, ipò àti ọjà ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Bí a bá sì ti padà síbẹ̀, ìṣirò kan náà yóò mú ohun kan náà wá.

Láti rí bí òǹṣeré àti olùdásílẹ̀ ti súnmọ́ ara wọn tó, kí á wo ìtàn Jet Set Willy, tí Smith tún ṣe ní 1984. Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá wọ yàrá òkè àjà kan yóò rí i pé àwọn yàrá mìíràn ti bàjẹ́, kò sì ní lè parí eré náà mọ́. Àwọn tí ń tà á kọ́kọ́ sọ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, pé èéfín olóró ni ó kún àwọn yàrá náà. Ṣùgbọ́n àwọn òǹṣeré tú inú eré náà wò, wọ́n rí ibi tí àṣìṣe wà, wọ́n sì rí àwọn nọ́ńbà díẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀ sínú ẹ̀rọ láti tún un ṣe. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń tà á náà tẹ àtúnṣe jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àmọ́ ṣá o, àárò a máa dùn ju òtítọ́ lọ, iṣẹ́ akọ̀tàn sì ni láti sọ òtítọ́. £175 kì í ṣe owó kékeré fún òṣìṣẹ́ ní 1982. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé ẹnu fèrèsé ìsọ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin ni ìpolówó ń fojú sùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kan, Veronika Megler, wà lára àwọn tí ó ṣe The Hobbit ní Australia ní 1982, eré tí ó lókìkí púpọ̀ lórí Spectrum. Òwò náà kò sì fara rọ: Imagine, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Liverpool, wó lulẹ̀ ní oṣù keje 1984 lójú àwọn ayàwòrán BBC tí wọ́n wá ya àṣeyọrí rẹ̀. Ní 1986, Sinclair fúnra rẹ̀ ta òwò kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Amstrad ní mílíọ̀nù £5.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ jẹ́ kí á fi eré wọ̀nyí wé ayò tiwa. Bí ọpọ́n ayò bá fọ́, a lè gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, kí á ṣa òkúta 48 sínú rẹ̀, kí eré sì máa lọ, nítorí pé orí àti ọwọ́ àwọn ọ̀ta ni òfin ayò ń gbé. Eré orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí téèpù nìkan ni ó ń gbé, téèpù sì ń gbó. Bí ohun tí a kọ sí i bá ti pa rẹ́, kò sí ẹni tí ó lè kà á lórí fún wa. Òfin náà tún dá kún un. Àtúnṣe òfin 1985 jẹ́ kí ó hàn gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ irú iṣẹ́ yìí láìgba àṣẹ ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀tọ́ náà sì wà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín bá ti kógbá sílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tí a lè tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí a bá pa òfin náà mọ́ tán pátápátá, ọ̀pọ̀ eré ni ì bá ti parun.

Àwọn tí àárò ń sọ ni kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Láti nǹkan bí 1990 ni wọ́n ti ń kọ ètò tí ń mú kí kọ̀ǹpútà tuntun máa sín ti àtijọ́ jẹ. Wọ́n ń da ohùn téèpù kọ sínú ẹ̀rọ tuntun kí ó tó gbó tán. Àwọn tí wọ́n dá àkójọ World of Spectrum sílẹ̀ ní 1995 ń wá àwọn olùdásílẹ̀ eré kiri, wọ́n ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Eré tí ẹni tí ó ni ín bá kọ̀, wọn kì í pín in. Ní 1999, Amstrad gbà kí ètò inú Spectrum máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ní Cambridge, tí ó dùn pé àwọn ọdọ́ tí ń bọ̀ wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ bí a ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ bí ti ìṣáájú mọ́, gbé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan jáde tí wọ́n pè ní Raspberry Pi. Orúkọ A àti B tí BBC Micro ń jẹ́ ni wọ́n fi sọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Àárò tí ó bí irú ọmọ báyìí kì í ṣe àárò òfo.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kù. A ti tọ́jú eré, ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́ ni ìtàn. Kò sí téèpù kan tí ó lè sọ fún wa bí ọmọ méjì ti ń tẹ ìlà àṣẹ, tí ọ̀kan ń kà, tí èkejì ń tẹ̀. Tàbí ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé nígbà tí baba fẹ́ gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Orí ènìyàn nìkan ni èyí wà. Clive Sinclair ti kú ní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 ní 1982 sì ti lé ní 50 ọdún. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn yìí, kí ó yára lọ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn, kí ìtàn má baà di àrọ́bá.