Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Owó Oṣù: Ìtàn Agbẹjọ́rò Tuntun ní Àbújá

Owó oṣù tí àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Àbújá ń san fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà kò lè yé ènìyàn dáadáa àyàfi tí a bá kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ òfin ṣe wọ ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí à ń kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Òfin ilé ẹjọ́ ti 1876, tí ìjọba amúnisìn mú lò ní Èkó, fàyè gba ẹni tí ó bá fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, tí ó sì yege nínú ìdánwò, láti di agbẹjọ́rò. Àwọn mìíràn, bíi Christopher Sapara Williams tí ó gba àṣẹ agbẹjọ́rò ní Inner Temple ní 1879, lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní London. Níbẹ̀, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó ń sanwó fún ọ̀gá rẹ̀, nǹkan bí gínì 100, ìyẹn pọ́n-ùn 105, àṣà yìí sì wà títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í retí owó oṣù kí ó tó gba òmìnira tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fúrídọ́ọ̀mù.

Ohun tí ó yẹ kí ó yí ìrònú yìí padà ni Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà, tí ìgbìmọ̀ Unsworth dábàá ní 1959, tí òfin 1962 dá sílẹ̀, tí olú ilé rẹ̀ sì kó láti Èkó lọ sí Bwari ní Àbújá ní 1997. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó gba ìkọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jáde níbẹ̀, tí a sì gbà wọlé sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, ti gba òmìnira rẹ̀ tán lójú òfin. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣì ń fi ojú ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ wò ó, wọ́n sì ń ka ìmọ̀ tí yóò rí gbà mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí kò tọ́.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó dé Àbújá ní oṣù Kejìlá 1991, tí ilé ẹjọ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e, àwọn agbẹjọ́rò náà wá. Wọ́n bá àwọn agùnbánirọ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọdún kan sin ìlú láti 1973, tí àwọn lọ́yà inú wọn lè ṣiṣẹ́ ní kíkún nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń san owó oṣooṣù wọn, èyí tí kò jẹ́ kí ọ̀gá fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti fi owó fa ẹni tuntun mọ́ra. Ní New York, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà: ní 1968, ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò Cravath, Swaine & Moore gbé owó ẹni tuntun sí dọ́là 15,000 lọ́dún, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e kí àwọn ọmọ tó mọ̀wé má baà lọ, títí iye náà fi di 225,000 ní 2023. Gbogbo ayé ni ó mọ iye yẹn, ṣùgbọ́n ní Àbújá, àárín ọ̀gá àti ẹni tuntun ni ọ̀rọ̀ owó sábà máa ń mọ.

Òfin pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i: àṣẹ tí ìjọba gbé jáde ní 2023 lórí owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò sọ iye tí oníbàárà yóò san, kò sọ iye tí ọ̀gá yóò san fún ọmọ abẹ́ rẹ̀. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí a gbé sí náírà 70,000 ní 2024, kò sì kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni kò sì tó bẹ́ẹ̀.