Ọmọ Awoye Ni Mí, Ṣùgbọ́n Mi Ò Mọ Iye Igi Ìdáná

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ara mi ni ìtìjú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà sí nǹkan bí 500, ilé iṣẹ́ rédíò kan pè mí pé kí n wá ṣàlàyé ìdí tí ẹja fi wọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé. Mi ò da àwọ̀n rí. Ohun tí mo ní ni pé ìdílé olóyè ni ìdílé bàbá mi ní Awoye, ẹni tó ń darí ètò náà sì mọ bàbá mi. "Ọmọ etíkun Ìlàjẹ gangan ni o," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe júwe mi. Èmi náà gbé ohùn sókè, mo ní náírà ló já wálẹ̀, dọ́là ló gòkè. Ó dún dáadáa létí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, pè mí. Wọ́n ti ń yan ẹja tà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá ṣírò ẹja fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ọkọ̀ tó lọ sójú òkun mu epo. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n fi ń yan ẹja ńkọ́? Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọbìnrin, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń gé e. Omi iyọ̀ ti pa igbó yẹn. Ọkọ̀ ló ń gbé igi wá láti ọ̀nà jíjìn báyìí, ọkọ̀ yẹn náà ń mu epo. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tó ń gbé ẹja lọ sọ́jà Igbókọ̀dá. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni epo wọ inú ẹja kan. O ò sọ ìyẹn. O ní dọ́là."

Mi ò lè fèsì. Ohun tí mo jogún ló gbé mi débi gbohùngbohùn, ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọwọ́ ara wọn mọ̀ kò sì gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí mo wá ń wo ìtàn etíkun wa, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1998. Awoye wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun níwájú, omi ọ̀sà àti ẹrẹ̀ lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Chevron, tó gba Gulf Oil mọ́ra ní 1984, ń wa epo lójú òkun tó kọjú sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ ní àwọn ipa omi tí ilé iṣẹ́ epo gbẹ́ ti jẹ́ kí omi òkun ya wọ inú omi tútù, ẹja inú rẹ̀ sì ń kú, igi ń kú, omi mímu ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí kò tilẹ̀ sí àwòrán tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú wọn tó wa ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìwapo tí wọ́n ń pè ní Parabe. Wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè àtúnṣe fún ilẹ̀ àti omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ohun tó dá mi dúró nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí wọ́n wà lójú òkun, èbúté ni ìdúnàádúrà ti ń lọ, láàárín ilé iṣẹ́ náà àti àwọn àgbà ìlú. Mi ò sọ pé àwọn àgbà ò mọ nǹkan kan. Púpọ̀ nínú wọn pẹja rí. Ṣùgbọ́n ipò wọn ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye tí àwọ̀n kan ń pa lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, bàálù hẹlikópítà tí Chevron háyà gbé àwọn ológun àti ọlọ́pàá dé. Wọ́n yìnbọn. Jola Ogungbeje àti Arolika Irowarinun kú. Ìbọn ba Larry Bowoto, kò kú. Agbẹnusọ ilé iṣẹ́ náà gbà lórí rédíò Amẹ́ríkà lọ́dún náà pé àwọn ló gbé àwọn ológun lọ. Ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n fi òṣìṣẹ́ àwọn ṣe ìgbèkùn, wọ́n sì béèrè owó. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò gbé ohun ìjà dání. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Abacha kú, ariwo ìyẹn sì bo tiwa mọ́lẹ̀.

Bowoto àti àwọn míì gbé ẹjọ́ lọ sí San Francisco ní 1999. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú tó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2008, wọ́n dá Chevron láre lórí gbogbo ẹ̀sùn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2010.

Mo máa ń bínú sí ìdájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ìmọ̀, ibi tí mo sì ti kọsẹ̀ nìyí. Etíkun ẹrẹ̀ ni tiwa, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga rárá, òkun ì bá máa jẹ ẹ́ bí kò tilẹ̀ sí ipa omi kankan. Èwo ni ti òkun, èwo ni ti ilé iṣẹ́ epo? Ọmọ Awoye tí mo jẹ́ kò lè dáhùn ìyẹn fún mi. Ẹni tó wọn iyọ̀ inú omi lọ́dọọdún ló lè dáhùn, tàbí ẹni tó ń bu omi náà mu látìgbà èwe.

Ẹ wo Stanley Barrett. Òyìnbó Kánádà ni, kò ní ìbátan kankan létíkun wa. Ó wá gbé nítòsí wa, ní Àyétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, níbi tí ohun ìní ti jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ó fi í wé abúlé tó wà nítòsí rẹ̀, òkun kan náà, ẹja kan náà, kó lè mọ ohun tó sọ Àyétòrò di ọlọ́rọ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ẹ̀sìn ni. Òun ní àjùmọ̀ní náà ló ṣe é jù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1974, òmíràn ní 1977. Ẹ lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tó ṣe. Èmi kàn ní orúkọ bàbá mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ Ìyá Ẹlẹ́ja pé kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí. Wọ́n ní ta ló máa san epo dé Igbókọ̀dá, ta ló sì máa jókòó ti iná ẹja lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n máa pàdánù, wọ́n sọ iye rẹ̀ fún mi. Ó ju owó tí rédíò yẹn san fún mi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo ṣì ń wá a.