Ohun-Èlò Orin Àkọ́kọ́ fún Ọmọdé: Láti Agbo Ilé Àyàn dé Ìdí Dùùrù

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ orin mu púpọ̀. Ohun-èlò tí a bá kọ́kọ́ gbé lé ọmọdé lọ́wọ́ ni yóò tọ́ etí rẹ̀ sọ́nà, òun náà ni yóò sì yan ẹgbẹ́ tí yóò máa bá rìn fún un. Nínú ìtàn Yorùbá, ọ̀nà méjì tí a gbà ṣe àṣàyàn yìí hàn gbangba: ti agbo ilé Àyàn, àti ti àwọn ilé onígbàgbọ́ ní Èkó àti Abẹ́òkúta.

Ní agbo ilé Àyàn, ìran ni ó ń yan ìlù fún ọmọ. Àyàn Àgalú ni òrìṣà àwọn onílù, òun ni wọ́n sì fi ń sọ ọmọ wọn lórúkọ: Àyándélé, Àyánkúnlé, Àyántúndé. Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ìró ìlù ti ń wọ ọmọ létí. Kò sí ẹni tí í bi í léèrè pé èwo ni ó wù ú. Ohun tí àwọn àgbà ń gbé yẹ̀wò ni èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ìyáàlù kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni aṣáájú, òun ni ó sì ń sọ̀rọ̀. Onílù a gbé e kọ́ èjìká, a fi ọwọ́ kan fún ọṣán rẹ̀ kí ohùn lè lọ sókè tàbí sílẹ̀, a sì fi ọwọ́ kejì mú kọ̀ǹgọ́ lù ú. Iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ká a, ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tí yóò lu ìyáàlù gbọ́dọ̀ mọ oríkì ọba, ti ìjòyè àti ti ìdílé, kí ó sì mọ òwe tí ó yẹ níwájú olúkúlùkù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nítorí náà, lára àwọn ìlù tí ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀ ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Gúdúgúdú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ọrùn ni a ń gbé e kọ́, bílálà méjì ni a fi ń lù ú, ìda sì wà lójú awọ rẹ̀. Kò ní ọṣán tí a ń fún. Nínú ọ̀wọ́ bàtá pẹ̀lú, omele ni ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojúṣe ọmọ ni kí ó di ẹsẹ̀ ìlù tirẹ̀ mú láìyẹ̀, bí ìyáàlù tilẹ̀ ń rò lọ sókè lọ sódò. Òde gan-an ni kíláàsì rẹ̀. Bí ó bá ṣì í lù, gbogbo agbo ni yóò mọ̀.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn oníwàásù dé Badagry ní 1842, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ìlù tí a ń lù fún òrìṣà di ohun ìfura lójú wọn. Dùùrù ni ó gba ipò ọlá nínú ìjọ. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, tí a bí ní 1905, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká atẹdùùrù. Píánò ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ti Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935.

Èrè wà níbẹ̀, àdánù sì wà. Ohùn orin òyìnbó kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ìtumọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin. T.K.E. Phillips, atẹdùùrù àgbà ní Èkó, kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Euba ní tirẹ̀ padà lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn onílù. Orí dùndún ni ó kọ iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974, ó sì tẹ ìwé ńlá lórí rẹ̀ jáde ní 1990. Ohun tí ọmọ ilé Àyàn mọ̀ láti kékeré, àgbà ni òun fi wá a.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé ọ̀nà Àyàn kò lábùkù. Ọmọ tí ìlù kò wù kò rí ibi yẹ̀ sí. Àwọn ọmọbìnrin ilé Àyàn ń jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin ni ìlù sábà máa ń wà. Síbẹ̀, ìbéèrè àwọn àgbà wọ̀nyẹn wúlò fún olùkọ́ títí di òní: Ǹjẹ́ agbára ọmọ ká a? Ta ni yóò máa bá lù ú? Èdè wo ni yóò kọ́ etí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Wákàtí tí ọmọ Àyàn fi ń jókòó ní kíláàsì lónìí ni wákàtí tí bàbá rẹ̀ fi tẹ̀lé ìyáàlù lọ sóde. Bí ilé-ìwé bá ti gba wákàtí náà, ó tọ́ kí ó wá àyè fún omele.