Ìpàtẹ Yunifásítì àti Bí Èèyàn Ṣe Ń Jèrè Níbẹ̀

Ìpàtẹ yunifásítì ni ibi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń pàtẹ ara wọn fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí, bí ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń lò. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan á ní tábìlì tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìpolówó lórí rẹ̀ àti aṣojú kan tàbí méjì tó dúró tì í. Ní Nàìjíríà, Èkó àti Àbújá ni èyí tí àwọn ilé ìwé òkèèrè ń wá ti wọ́pọ̀ jù. Àrùn kòrónà ọdún 2020 ló sọ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, èyí tí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kò tíì parẹ́.

Ẹni tó ṣètò ìpàtẹ ló ń pinnu ohun tí èèyàn máa bá níbẹ̀. EducationUSA, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti ń kó àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà wá pàtẹ ní ìlú méjèèjì yìí. Kò sí ilé ìwé kan pàtó tí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ń bá tajà. Ètò Opportunity Funds rẹ̀ tún ti san owó ìdánwò àti owó físà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn pé ṣùgbọ́n tí apá òbí wọn kò ká a. Ní Britain, UCAS ni ìwé ìbéèrè láti wọ yunifásítì fún dìgírì àkọ́kọ́ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún 1993, òun náà sì ń ṣe ìpàtẹ láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní London máa ń bá kíláàsì wọn lọ. Kọ́ọ̀sì 5 péré ni ọmọ lè yàn lọ́hùn-ún, 4 sì ni fún ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń gé orúkọ ilé ìwé kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn ni ìpàtẹ jẹ́ fún wọn ju ibi tí wọ́n ti ń fi kún un lọ.

Oríṣi kẹta ni ti àwọn ẹ́jẹ́ǹtì. Yunifásítì ló ń san owó fún wọn lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é tọkàntọkàn, àmọ́ ilé ìwé tí kì í san nǹkan fún wọn kò lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi yẹ kó jẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé ìwé gan-an lẹ ti wá, àbí ẹ ń ṣojú fún wọn láti ibí?” Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ irú ohun tó kù láti béèrè. Ẹni tó wá láti ọ́fíìsì ìgbaniwọlé lè jẹ́ òun gan-an ni yóò ka ìwé ọmọ náà tó bá yá, òun sì ló mọ ojú tí wọ́n fi ń wo èsì WAEC. Ẹni tó ti kàwé jáde níbẹ̀ mọ bí òtútù ṣe rí, iye tí yàrá ń gbà, àti bóyá olùkọ́ ṣeé rí. Ẹ́jẹ́ǹtì mọ ètò ìwé físà. Ẹni tó bá bi ẹ́jẹ́ǹtì ní ohun tí ọmọ ilé ìwé nìkan mọ̀, àbá lásán ló máa gbé lọ sílé.

Ilé ni ìpàtẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ yan ilé ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó ka ohun tó wà lórí ìkànnì wọn tán, kí ó kọ ohun tí kò rí níbẹ̀ sínú jọ́tà. Ẹni tó dúró lórí ìlà fún ogún ìṣẹ́jú láti béèrè bóyá wọ́n ní kọ́ọ̀sì òfin ti fi àkókò ṣòfò. Kí ẹ̀dà èsì ìdánwò wà lọ́wọ́. Kí òbí sì sọ iye tí agbára òun ká fún ọmọ kí wọ́n tó jáde nílé, torí ọmọ tí kò mọ iye yìí kò lè béèrè ohun tó tọ́.

Nínú àṣà wa, àgbà ní í ṣáájú ọ̀rọ̀. Bàbá á máa bá aṣojú sọ̀rọ̀, ọmọ á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni nílé, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ lára níbí, nítorí ọmọ ni aṣojú ń wá ohùn rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá kí i, kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí wọ́n padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó.

Ọ̀rọ̀ owó ló sì yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ lé jù lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwé bíi Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, kódà bó jẹ́ àjèjì. Èyí tó pọ̀ jù ń wò ó. Nítorí náà kí ọmọ béèrè pé: “Tí mo bá ní mo fẹ́ ìrànwọ́ owó, ṣé kò ní dí ìgbaniwọlé mi lọ́wọ́?” Ní Jámánì, yunifásítì ìjọba tó pọ̀ jù kì í gba owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n láti 2017 ni ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Ìṣọ̀kan Yúróòpù. “Ọ̀fẹ́ ni” tí wọ́n ń sọ lẹ́nu kò kan owó oúnjẹ àti owó yàrá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wà ní báńkì kí wọ́n tó fún un ní físà. Ní Britain, láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń lọ fún másítà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ìdílé tó ti ta ilẹ̀ kó tó gbọ́ èyí ti pẹ́ jù.

Kí wọ́n tún béèrè ìwé àṣẹ ilé ìwé, pàápàá ti ibi tó sún mọ́lé. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lòun fi gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìtẹ́wọ́gbà dìgírì láti Benin àti Togo dúró, àwọn tó fi òógùn ojú kàwé níbẹ̀ sì bá wọn jìyà rẹ̀.

Ìpàtẹ mìíràn a máa gba ọmọ wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì ní kí ó san àsansílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kò sí ilé ìwé rere tí àyè rẹ̀ á tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ gba ìwé náà, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé fúnra yín láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àpò ìwé ìpolówó tó wúwo kì í ṣe èrè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wà lórí fóònù. Orúkọ àti ímeèlì ẹni tó ń bójú tó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lèrè. Kí ọmọ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó gbàgbé ẹni tó sọ èwo, kí ó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kí ó rán aṣojú létí ìbéèrè tí ó bi í. Ẹni tó rí ọgọ́rùn-ún ojú lọ́jọ́ kan kò lè rántí orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó lè rántí ọmọbìnrin tó béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní láǹfààní láti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí.