Ìdì Kọ̀ọ̀kan, Òde Kọ̀ọ̀kan: Fọ́tò àti Ìwé Òde Àríyá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí á jọ wò lónìí, nítorí pé èmi gan-an ti ṣubú.

Nígbà tí bàbá mi àgbà wàjà, àpótí onígi kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àríyá kan ni bàbá nígbà ayé wọn. Fọ́tò, káàdì ìpè, ìwé ìléwọ́, pósítà, kàlẹ́ńdà àti páálí àwo orin ni ó kún inú àpótí náà, wọ́n sì fi òwú dúdú so wọ́n ní ìdì-ìdì. Èmi tí mo rò pé mo mọ ìwé tò, mo já òwú. Mo kó fọ́tò sọ́tọ̀, káàdì sọ́tọ̀, pósítà sọ́tọ̀. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ bàbá kan wá kí wa. Wọ́n wo orí tábìlì títí, wọ́n mi orí.

"Ọmọ mi, ta ni ó já òwú yìí?"

"Èmi ni, bàbá. Mo ń tò wọ́n ni."

"O ò tò wọ́n, o tú wọn ká ni. Ìdì kọ̀ọ̀kan, òde kọ̀ọ̀kan ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Òun náà ni òfin tí àwọn olùtọ́jú ìwé àtijọ́ ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé: bí ẹni tí ó ni ìwé bá ṣe tò ó, ẹ má ṣe tú u. Fọ́tò tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, káàdì tí wọ́n dì í pọ̀ mọ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí a bá ti yà wọ́n nípá, ẹ̀rí parẹ́.

Bí a bá sì wo ìtàn orin wa, a ó rí i pé olóde ni àwọn olórin fúnra wọn fi ń sọ iṣẹ́ wọn lórúkọ. Ẹ wo Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àpàlà. Orí Ọba Adébóyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó kọ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lé ní ọdún 1948. Àwo rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, èyí tí ó jáde ní ọdún 1971, orúkọ ẹgbẹ́ àríyá kan ní Òṣogbo ni ó ń jẹ́: Òròkí Social Club. Ẹni tí ó bá to páálí àwo bẹ́ẹ̀ sábẹ́ orúkọ olórin nìkan, ìdajì ìtàn ni ó tò.

Àmọ́ kí ni a ó ṣe sí èyí tí mo ti tú? Mo kọ́kọ́ mú ìwé ìléwọ́ kan tí ó ń kéde ijó alẹ́. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kejìlá" ni wọ́n tẹ̀ sí i, kò sí ọdún. Ṣùgbọ́n ṣílè ni owó ìwọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Wọ́n tún kọ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí i, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí a sì fa Ìpínlẹ̀ Ògùn yọ lára rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Láàárín 1967 sí 1972, ọdún kan ṣoṣo ni ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta: ọdún 1970.

Fọ́tò Ojúde Ọba kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a ń ṣe é, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 1974, ẹ̀ẹ̀mejì ni Iléyá wáyé, ní oṣù kìíní àti ní oṣù kejìlá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba, nínú òjò. Nítorí náà, eruku tàbí ẹrẹ̀ tí ó wà lẹ́sẹ̀ onílù nínú fọ́tò lè dín iye ọdún tí a ń wá kù. Aṣọ ni ó kù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tí ó fi ń jáde. Bí aṣọ inú fọ́tò bá bá ti inú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ mu, a ti rí ọdún náà.

Báyìí ni èmi àti bàbá àgbàlagbà yẹn ṣe tún ọ̀pọ̀ ìdì dì. A fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olóde, ọjọ́, ibi, olórin àti àwọn onílù sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan. A ò fi bírò kọ ohunkóhun sẹ́yìn fọ́tò.

Síbẹ̀, fọ́tò kan ń bẹ tí ọkàn mi kò tíì gbàgbé. Ọkùnrin kan jókòó lé orí àgídìgbo, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Olóde ní orúkọ nínú káàdì, olórin ní orúkọ lára pósítà. Àwọn onílù kì í sábà ní ju ojú wọn lọ. Ìdì tí ọkùnrin yìí wà, èmi ni mo tú u. Bàbá kò dá a mọ̀.

Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó gorí oyè ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n gorí oyè ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ni wọ́n lè wo fọ́tò kí wọ́n sọ pé, "Lágbájá nìyí." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí àpótí bá wà nílé yín, ẹ gbé e lọ bá wọn lónìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má já òwú.