Ta Ló Ń Tún Ilé Wikipedia Ṣe?

Ẹni tó kọ́lé mọ̀ pé àtúnṣe kì í tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ń kọ.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, UseModWiki ni wọ́n lò, ètò kọ̀ǹpútà tí Clifford Adams ti kọ sílẹ̀. Ó dára fún agboolé kékeré. Ṣùgbọ́n inú fáìlì lásán ló ń kó ọ̀rọ̀ sí. Nígbà tí èrò pọ̀, ilé ò gbà wọ́n mọ́. Ni Magnus Manske, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Jámánì, bá kọ tuntun, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní oṣù kìíní 2002. Ta ló sanwó fún un? Kò sí o! Èrò tún pọ̀ ju agbára ìyẹn náà lọ. Lee Daniel Crocker tún un kọ, ó délẹ̀ ní oṣù keje. Ní 2003 ló di MediaWiki.

Wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè gbà á nígbà tó rẹ ẹni àkọ́kọ́. Orí rẹ̀ náà ni Wikipedia Yorùbá wa dúró lé. Ọ̀fẹ́ là ń kà á, àbí? Òógùn ẹnì kan ni kò jẹ́ kí òjò wọlé.