Oògùn Àtọ̀gbẹ àti Ìbéèrè Bàbá Àgbẹ̀ kan

Ní Ìgàngán, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, bàbá àgbẹ̀ kan pè mí sí abẹ́ igi, ó na páálí oògùn kan sí mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní oògùn àtọ̀gbẹ yìí ni inú mi kò ti dúró. Ṣé kì í ṣe májèlé ni?”

Metformin ni wọ́n kọ sára páálí náà. Ẹ má fi bàbá yìí rẹ́rìn-ín o, nítorí májèlé wà nínú ìdílé tí oògùn náà ti wá.

Ewé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ewé kan ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù tí à ń pè ní Galega officinalis, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa fi ṣe àgbo bí àwa ti ń lo ewúro. Ṣùgbọ́n àgùntàn tí ó bá jẹ ẹ́ lájẹjù a máa kú. Àwọn onímọ̀ rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ohun tí ara ènìyàn lè gbà lọ. Ní ọdún 1922, ní ìlú Dublin, Emil Werner àti James Bell po ohun kan tí ó jọ ọ́: metformin nìyẹn. Wọn kò tilẹ̀ fi wo àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbátan rẹ̀ kan, Synthalin, jáde ní Jámánì, ó ba ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn jẹ́, wọ́n sì pa á tì.

Ọdún 1957 ni dókítà Faransé kan, Jean Sterne, kọ́kọ́ kéde pé òun ti fi metformin tọ́jú alátọ̀gbẹ. Ó sọ ọ́ ní Glucophage, èyí ni “ajẹṣúgà”. Phenformin, ọmọ ìyá rẹ̀, jáde ní àkókò kan náà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ara wa a máa ṣe omi kíkan kan, ẹ̀dọ̀ a sì máa kó o kúrò. Phenformin ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Omi kíkan yìí kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, wọ́n sì kú. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Ìbẹ̀rù yìí bá metformin náà, ìparí ọdún 1994 ni Amẹ́ríkà tó gbà á wọlé.

Ṣé metformin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Kíndìnrín ni ń gbé e jáde sínú ìtọ̀. Bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gan-an, oògùn a máa kó jọ sínú ara. Nítorí náà ni dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó fún ni, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀, tàbí tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ó tètè sọ fún wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í tètè hàn. Ní ọdún 1971 àwọn dókítà Belfast kọ̀wé pé ẹni tí ó bá lo metformin fún ọdún púpọ̀ lè ṣe aláìní fítámìnì B12, èyí tí a ń rí nínú ẹran, ẹja àti ẹyin. Ẹsẹ̀ a máa kú tipiri. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ sì ń ṣe irú èyí, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Inú rírun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun sì ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ju oògùn náà nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo bi bàbá pé, “Ìgbà wo ni ẹ ń lò ó?” Ó ní, “Ní ìdájí, kí n tó lọ sí oko.” Inú òfìfo! Mo bá a padà lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n ní àárín oúnjẹ ni kí ó máa lò ó, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo tún rí bàbá, inú rẹ̀ ti dúró. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu òun ṣì ń rí bí ẹni tí ó lá ojú ọ̀bẹ. Mo sọ fún un pé metformin náà ni ó ń ṣe ìyẹn.